Àbúrò, kóòsì ọ̀sẹ̀ méjì ò gbé láìnì dìde

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún kẹfà mi rèé nídìí ẹ̀rọ tó ń rọ ọtí ẹlẹ́rìndòdò sínú ìgò, ní iléeṣẹ́ kan nítòsí Àkúrẹ́. Ó wù mí kí n wà lára àwọn tó máa ń gbé láìnì tuntun dìde, ìyẹn ọ̀wọ́ ẹ̀rọ tó ń ṣe ọjà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹnì kan lórí WhatsApp ní kí n mú ₦150,000 wá, òun á kọ́ mi ní PLC fún ọ̀sẹ̀ méjì, màá sì gba sátífíkéètì pé mo ti di ẹnjiníà tó ń gbé láìnì dìde. WAEC nìkan ni mo ní. Ṣé kí n san án? Ọmọ ọdún 31 ni mí, àbí ó ti pẹ́ jù?

Ìdáhùn: Má san án.

Irú ìbéèrè yìí ti ń pọ̀ jù lọ́wọ́ mi, iye owó nìkan ló ń yàtọ̀. Mi ò sọ pé PLC ò dáa o. Kọ̀ǹpútà kékeré inú àpótí iná ni, òun ló ń pàṣẹ fún mọ́tò pé kó yí, fún fáfù pé kó ṣí. Ó dáa kéèyàn mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ọ̀sẹ̀ méjì lòun á fi sọ ọ́ di ẹnjiníà, irọ́ ló ń pa. Nílẹ̀ yìí, COREN, ìgbìmọ̀ ìjọba lórí iṣẹ́ ẹnjiníà, ni òfin gbé iṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ ẹnjiníà lé lọ́wọ́, títí dórí tẹkiníṣàn àti oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹnikẹ́ni ò lè ta oyè yẹn fún ọ lórí fóònù.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń bí mi nínú. Èrò tó wà nídìí ìbéèrè rẹ ni: pé ẹni tó bá ti lè fa iná sí ẹ̀rọ, tó tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà, tí ẹ̀rọ sì yí, ó ti gbé láìnì dìde nìyẹn. Rárá o. Ẹ̀rọ tó ń yí kò tíì di láìnì.

Wo bó ṣe ń lọ. Kí ẹ̀rọ tó wọ ọkọ̀ ojú omi ní Jámánì tàbí Ṣáínà, àwọn tó rà á á ti lọ wò ó níbi tí wọ́n ti ṣe é, kí wọ́n lè rí i pé ó ń ṣe ohun tí wọ́n san owó fún. FAT là ń pè é. Bó bá dé Àpápá, tí tírélà gbé e gba Ọ̀rẹ̀ wọlé, wọn á tò ó, wọn á fa iná, omi àti afẹ́fẹ́ sí i, wọn á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá mọ́tò kọ̀ọ̀kan ń yí síbi tó yẹ. Lẹ́yìn náà ni wọn á yí i lófìfo, wọn á fi omi lásán yí i, kí wọ́n tó wá fi ọjà gan-an sí i. Àyẹ̀wò kejì, SAT, ilé wa níbí ni wọ́n ti ń ṣe é: ìgò tiwa, jẹnẹrétọ̀ tiwa, ooru tiwa. Ọjọ́ tí ìgò àkọ́kọ́ bá jáde ni àwọn ọ̀gá máa ń ya fọ́tò. Ọjọ́ kejì ni wàhálà bẹ̀rẹ̀.

Ká ṣírò ẹ̀. Ṣíìfù wákàtí mẹ́jọ jẹ́ ìṣẹ́jú 480. Ká ní ẹni tó ta ẹ̀rọ sọ pé á máa rọ ìgò 100 ní ìṣẹ́jú kan. Ìgò 48,000 ló yẹ kẹ́ ẹ rí. Ìgò há, ẹ̀rọ dúró fún ìṣẹ́jú 60: ó ku 42,000. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́ náà, ìgò ń ṣubú lórí bẹ́líìtì, ọ̀pọ́rétọ̀ bá dín eré ẹ̀ kù, 33,600 péré ló jáde. Nínú ìyẹn, 1,680 ni ìdérí wọn wọ́. Èyí tó ṣeé tà jẹ́ 31,920, ìyẹn ìdá 66.5 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó yẹ kẹ́ ẹ rí. OEE lorúkọ ìṣirò yìí. Kọ́ ọ, wọn á bi ọ́ níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ẹni tó bá kọjá lójú títì á ní láìnì yín ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìgò 16,080 ti ṣègbé.

Ta ló mọ ibi tí wọ́n ṣègbé sí? Ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ ni.

Nígbà kan tá à ń gbé láìnì kan dìde, ìdérí ń há lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n láti bí aago kan ọ̀sán sókè nìkan. Ọjọ́ méjì gbáko la fi ń yí nǹkan padà nínú PLC, èmi àti ẹni tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ rán wá. Arábìnrin kan tó ń kó ìdérí sínú ẹ̀rọ ló sọ fún wa, tìtìjú-tìtìjú, pé ẹ̀gbẹ́ ògiri páànù tí oòrùn ń pa ni wọ́n to páálí ìdérí sí, pé bó bá ti di ọ̀sán, wọ́n máa ń rọ̀ lọ́wọ́ òun. A gbé páálí kúrò níbẹ̀. Ó tán. Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Òun náà ò ní ju WAEC lọ.

Torí náà, ọdún mẹ́fà rẹ nídìí ẹ̀rọ ni ọjà tó o ní, ṣùgbọ́n o ò kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè rí i. Ra ìwé ńlá kan. Fún oṣù mẹ́ta, kọ gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá dúró: aago mélòó, fún ìṣẹ́jú mélòó, ojú ibo, kí ló tú u. Bí ìparí oṣù bá dé, ka èyí tó ń jẹ àkókò jù, kó o mú un lọ bá súpáfáísọ̀ rẹ. Bí ẹ̀rọ tuntun bá sì ń bọ̀, bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kó o wà níbi tí wọ́n ti ń tú u kúrò nínú àpótí, kódà bó bá jẹ́ ìgbálẹ̀ ni wọn á gbé lé ọ lọ́wọ́. Láti ibẹ̀ lo ti lè di ẹni tó ń kọ́ àwọn ọ̀pọ́rétọ̀ tuntun níṣẹ́, irú ẹni tí kò sí láìnì tó lè dìde láìsí i.

Ní ti ìwé, yẹ WAEC rẹ wò. Bí Ìṣirò àti Físíìsì ò bá sí níbẹ̀, ibẹ̀ ni kí owó kọ́kọ́ gbà lọ. Lẹ́yìn náà, Rufus Giwa Polytechnic wà ní Ọ̀wọ̀, Federal Polytechnic wà ní Ilé-Olújìí. Lọ béèrè lẹ́nu wọn fúnra wọn kó o tó ra fọ́ọ̀mù. Béèrè lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ pẹ̀lú bóyá iléeṣẹ́ yín ń rán òṣìṣẹ́ lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí kíkọ́ òṣìṣẹ́ níṣẹ́. Ìgbà yẹn ni kó o wá kọ́ PLC, á wọlé sí ọ lórí.

Ohun kan: má ṣí àpótí iná láti fi kọ́ṣẹ́, má sì yọ ìbòrí ẹ̀rọ nítorí ohun tó o kà níbí. Bí wọ́n bá fún ọ láṣẹ láti wọ inú ẹ̀rọ, kí wọ́n pa iná rẹ̀, kó o fi àgádágodo tìrẹ tì í, kí kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ. Ìlànà iléeṣẹ́ yín ni kó o tẹ̀ lé; mi ò sí níbẹ̀, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ẹ̀rọ tí mi ò rí.

Ọdún 31 wo ló pẹ́? Ohun tí mo fẹ́ kó o rò ni ilé rẹ. Ìgbà tí láìnì bá ń dìde, òru ni wọ́n sábà máa ń pè ọ́, ó sì lè jẹ́ Ọ̀rẹ̀ ni wàá wà fún oṣù mẹ́ta. Béèrè ẹni tó ń san owó ilé tí wàá sùn kó o tó palẹ̀ ẹrù mọ́.