Ẹ Má Fi Ẹsẹ̀ Tẹ Ewé Àlùbọ́sà Yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo gbin àlùbọ́sà eléwé sẹ́yìnkùlé. Ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, àmọ́ ìdí rẹ̀ kò tóbi. Ẹnìkan ní kí n tẹ ewé náà wó kí agbára rẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà wo ni kí n ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe é láéláé. Ó ti sú mi láti máa dáhùn èyí.

Lákọ̀ọ́kọ́ ná, ta ló ní ó yẹ kó tóbi? Àlùbọ́sà eléwé kì í dà bí àlùbọ́sà ńlá. Ẹyọ kan tí ẹ rì mọ́lẹ̀ ló ń yọ ọmọ mẹ́rin, mẹ́fà, nígbà mìíràn ju 10 lọ, tí gbogbo wọn á so mọ́ra. Ẹ ka iye ọmọ, ẹ má wo ìtóbi.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ewé títẹ̀. Kò sí agbára kankan tó lúgọ sínú ewé tí ẹ máa fi ẹsẹ̀ tì sísàlẹ̀. Ewé ló ń fi oòrùn se oúnjẹ tí ìdí ń jẹ. Ẹ bá ti ṣẹ́ ewé, oúnjẹ tán nìyẹn. Ohun tó ń tan àwọn èèyàn jẹ ni pé ewé àlùbọ́sà tó gbó máa ń wó. Òótọ́ ni, ó ń wó, ṣùgbọ́n fúnra rẹ̀ ni. Inú ewé àtijọ́ ni ewé tuntun máa ń gbà jáde, òun ló sì ń mú kí ọrùn, ìyẹn ibi tí ewé ti pàdé ìdí, le. Tí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ àti ooru bá ti bá irú tí ẹ gbìn mu, ìdí á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ewé tuntun ò ní yọ mọ́, ọrùn á ṣófo, ewé á sì dojú bolẹ̀. Iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kó tó wó. Ẹ fi ìka méjì fún ọrùn rẹ̀ wò: tó bá ṣì le, ewé kan ṣì wà nínú rẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ fi sílẹ̀ jàre! Ọrùn tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ ṣẹ́, ojú ọgbẹ́ ni. Omi á gba ibẹ̀ wọlé, ó sì lè jẹrà níbi tí ẹ kó o pamọ́ sí.

Tó bá di ìgbà mìíràn, ẹ fi àlàfo bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 sáàárín wọn, kí ṣóńṣó orí wọn yọ díẹ̀ lókè ilẹ̀. Ọwọ́ ni kí ẹ fi tu koríko, torí gbòǹgbò wọn ò jinlẹ̀. Ẹ má da ìgbẹ́ ẹran tútù sí i. Ajílẹ̀ tó ní náítírójìn púpọ̀, ewé ló máa sọ di púpọ̀, bí irú tiyín yìí gan-an. Tí bíi ìdajì ewé bá ti wó, ẹ má bomi rin ín mọ́. Ẹ hú u, ẹ sá a síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì.

N ò rí ọgbà yín o, ohun tí ẹ kọ ni mo fi dáhùn. Tí ewé bá ń pọ́n láìtọ́jọ́, tí ẹ sì rí ohun funfun bí òwú nídìí rẹ̀, ọ̀ràn mìíràn nìyẹn. Ẹ má fín oògùn kankan sí i kí òṣìṣẹ́ elétò ọ̀gbìn tó wò ó. Àìsàn kan wà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ tó lè wà nínú ilẹ̀ ju ọdún 10 lọ. Tó bá jẹ́ òun ni, àlùbọ́sà tàbí áyù kò gbọ́dọ̀ wọ orí ebè yẹn mọ́.