Ọmọ mi fẹ́ lọ lo sẹ̀mẹ́sítà kan ní Bologna, ṣé kí n jẹ́ kó lọ?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Houston ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ ń gbé. Àkọ́bí wa obìnrin ń kọ́ ìmọ̀ ìṣèlú ní yunifásítì, ó ti fẹ́ẹ̀ wọ ọdún kẹta. Ó wálé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun fẹ́ lọ kàwé fún sẹ̀mẹ́sítà kan ní Bologna, lórílẹ̀-èdè Ítálì, pé yunifásítì tòun àti tọ̀hún jọ ń ṣe pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Bàbá rẹ̀ ní fàájì lásán ni, pé kí ló wà níbẹ̀ tí kò sí ní Texas. Èmi ò fẹ́ dí i lọ́nà, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ló ń lò, green card ló ní. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ ba ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́. Bó bá sì dé tán, kí yunifásítì rẹ̀ má wá sọ pé àwọn ò ka ohun tó kọ́ lọ́hùn-ún sí. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ti débẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

Ìdáhùn

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àníyàn. Maryland ni èmi ń gbé, ọmọ mi ọkùnrin sì lo sẹ̀mẹ́sítà kan ní Bologna yìí gan-an. Ẹ jẹ́ kó lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lè ṣe é, ẹ má ṣe jẹ́ kó jẹ́ sẹ̀mẹ́sítà kìíní.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Kíláàsì sẹ̀mẹ́sítà kìíní máa ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, á sì parí ní oṣù Kejìlá. Àwa tí a mọ ti Amẹ́ríkà á rò pé ó tán nìyẹn, a ó ra tíkẹ́ẹ̀tì kí ọmọ lè wá ṣe Kérésìmesì nílé. Kò tíì tán o. Oṣù Kìíní àti oṣù Kejì ni wọ́n ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú ìdánwò sẹ̀mẹ́sítà yẹn, ìgbà yẹn gan-an sì ni kíláàsì ti wọlé padà lọ́dọ̀ tiwa. Àwọn olùkọ́ kan máa ń gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti òkèèrè ṣe ìdánwò tirẹ̀ kó tó lọ, àwọn mìíràn ò ní gbà. Kí ọmọ jókòó sí kíláàsì fún oṣù mẹ́ta gbáko, kó wá padà sílé láìní máàkì kankan lọ́wọ́, ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ sá fún. Sẹ̀mẹ́sítà kejì ni kò ní wàhálà: kíláàsì á bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì, á parí ní oṣù Karùn-ún, ìdánwò á tẹ̀ lé e títí wọ oṣù Keje. Ìsinmi gígùn ni Texas wà nígbà náà.

Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ green card ti wọlé. Oṣù márùn-ún kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí ẹni tó ní green card bá lò ju oṣù mẹ́fà lọ lẹ́yìn odi lẹ́ẹ̀kan náà ni ọ̀rọ̀ máa ń wà nílẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ gba ìwé ọmọ onílùú. Torí náà, ẹ jókòó tì í, ẹ jọ ka ọjọ́ náà lórí kàlẹ́ńdà. Bó bá ṣèdánwò tán ní oṣù Keje, tó ní òun fẹ́ yà kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní London fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ sọ fún un pé kó kọ́kọ́ wálé.

Ní ti físà, páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà kò pa á lára níbí. Ẹni tó bá fẹ́ lò ju 90 ọjọ́ lọ gbọ́dọ̀ gba físà akẹ́kọ̀ọ́, ọmọ Amẹ́ríkà pàápàá ń gbà á. Ilé iṣẹ́ aṣojú Ítálì wà ní Houston tiyín níbẹ̀, ẹ ò ní wọkọ̀ òfuurufú nítorí ẹ̀. Kìkì kí ẹ yẹ páásípọ́ọ̀tù yẹn wò lónìí, kí ẹ mọ ìgbà tí yóò kú, torí gbogbo wa la mọ bí ọ̀rọ̀ àtúnṣe rẹ̀ ṣe máa ń rí.

Ohun tí àwọn ọmọ kì í kà sí ni ti ìwé ìgbélùú. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́jọ tó bá dé, ó gbọ́dọ̀ lọ tọrọ ìwé tí wọ́n ń pè ní permesso di soggiorno. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n ti ń gba àpò ìwé rẹ̀. Á kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù, á lọ ra sítáǹbù yúrò 16 ní ìsọ̀ àwọn tó ń ta sìgá (bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tà á), á sì san owó tí àròpọ̀ rẹ̀ lé ní 100 yúrò. Wọ́n á fún un ní rìsíìtì, àti ọjọ́ tí yóò lọ tẹ ìka lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Rìsíìtì yẹn kò gbọdọ̀ kúrò lára rẹ̀. Ọmọ dúdú ni, bí ọlọ́pàá bá dá a dúró ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, òun ni yóò kọ́kọ́ yọ síta. Ọmọ mi ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù, mo ní kò tó, kó máa mú bébà náà gan-an dání.

Bóyá wọ́n á ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí? Wọ́n á kà á, bí ẹ̀ka tirẹ̀ bá ti fọwọ́ sí orúkọ kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan kó tó gbéra. Kó jẹ́ lórí ìwé, kì í ṣe lẹ́nu. Kírẹ́dìtì mẹ́fà tọ̀hún sábà máa ń jẹ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ wa. Bó bá sì jẹ́ pàṣípààrọ̀ ni lóòótọ́, yunifásítì tirẹ̀ ni ẹ ó máa san owó ilé-ìwé fún, bí ẹ ti ń san án tẹ́lẹ̀. Bó bá ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀, ó lè máa lo ìyẹn náà níwọ̀n ìgbà tí yunifásítì rẹ̀ bá ti fọwọ́ sí ètò náà.

Ilé ni iṣẹ́ ńlá. Yàrá wọ́n bí ojú, àwọn gbájúẹ̀ sì mọ̀ pé ojú ń pọ́n akẹ́kọ̀ọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ kí ọmọ yín tó fojú rí yàrá, ẹ má dá a lóhùn. Kí ó gbé ibi ráńpẹ́ kan fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó fi ojú ara rẹ̀ wá ilé. Bó bá jìnnà díẹ̀ sí àárín ìlú, kò burú: ọ̀dẹ̀dẹ̀ olórùlé tó wà lẹ́bàá títì Bologna gùn tó kìlómítà 62 bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, òjò lè rọ̀ kó má kàn án.

Wàyí o, bàbá wa. Ẹ bá mi kí wọn, ẹ sì sọ fún wọn pé ọdún 1088 ni wọ́n ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ yunifásítì yẹn. Nígbà náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti oríṣiríṣi ìlú ló ń kó ara wọn jọ, àwọn ló ń gba olùkọ́ síṣẹ́, tí wọ́n sì ń sanwó fún un. Ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣèlú yẹ kó rí irú ibẹ̀. Ní 1732, wọ́n fún obìnrin kan, Laura Bassi, ní oyè dókítà níbẹ̀, ó sì di olùkọ́ nígbà tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ayé ò tíì jẹ́ kí obìnrin wọlé.

Ṣùgbọ́n ohun tó yí ọmọ tèmi padà ni ìdánwò wọn. Ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀, ní gbangba. Wọ́n á pe orúkọ, wàá jókòó síwájú olùkọ́, àwọn tó kù á wà lẹ́yìn tí wọ́n ń gbọ́. Olùkọ́ á ní, sọ̀rọ̀ lórí báyìí. Kò sí ìdáhùn mẹ́rin tí wàá mú ọ̀kan níbẹ̀. Bó o bá sọ nǹkan kan, á béèrè ìdí, á tún béèrè ìdí ìyẹn náà. Lórí 30 ni wọ́n ń gbé máàkì, 18 ni ẹni tó yege, wọ́n á sì sọ ọ́ fún ẹ lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, o lè kọ̀ ọ́, kó o padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ọmọ mi tí kì í gbójú sókè bá àgbà sọ̀rọ̀ gba 24, ó kọ̀ ọ́, ó padà lọ, ó gba 28. Mi ò rí ohun tó lè kọ́ ọ nírú ìyẹn lọ́dọ̀ wa níbí.

Ẹ ní kó kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń rí sí pàṣípààrọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kó béèrè bóyá àyè ṣì wà fún sẹ̀mẹ́sítà kejì. Bí wọ́n bá ní ti kìíní nìkan ló kù, kó kọ̀wé sí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ní Bologna nípa ìdánwò oṣù Kejìlá, kó sì ní èsì wọn lọ́wọ́ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.