Ṣé ọ̀lẹ ni mí, àbí ọjọ́ 21 kò tó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù mẹ́fà ló kù kí n ṣe ìdánwò tí wọn yóò fi gbé mi ga lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pinnu pé n óò máa fi wákàtí méjì kàwé lálaalẹ́, n kì í sì í kọjá ọ̀sẹ̀ kẹta kó tó sú mi. Wọ́n ní ọjọ́ 21 ni nǹkan fi ń mọ́ni lára. Ṣé ọ̀lẹ ni mí ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ọ̀lẹ kì í gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta. Ọjọ́ 21 yẹn ló ṣì yín lọ́nà. Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London ṣèwádìí lórí èèyàn 96 tó ń kọ́ ìṣe tuntun. Nǹkan bí ọjọ́ 66 ló sábà gbà. Ọjọ́ 18 tó fún ẹni tó yá jù. Ti ẹni tó pẹ́ jù, ìṣirò wọn gbé e dé 254. Ìgbà tó yẹ kí ẹ túbọ̀ fara dà á lẹ ń jáwọ́.

"Lálaalẹ́" tí ẹ kọ yẹn gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ yí padà. Alẹ́ gùn, ó sì ń rẹ èèyàn. Ẹ so ìwé kíkà mọ́ ohun tí ẹ ti ń ṣe láìronú: "Bí mo bá ti fọ abọ́ alẹ́ tán, n óò jókòó sídìí tábìlì, n óò ṣí ìwé." Abọ́ fífọ̀ ni yóò máa rán yín létí, ẹ kò ní bá àárẹ̀ jiyàn mọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Gollwitzer, ọmọ Jámánì, ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí irú ìpinnu báyìí, ó sì hàn pé àwọn tó ń lò ó máa ń mú ìpinnu wọn ṣẹ ju àwọn tó kàn pinnu lásán lọ.

Ẹ gé wákàtí méjì kù sí ogún ìṣẹ́jú. Mo mọ̀ pé yóò kéré lójú yín. Àmọ́ alẹ́ tó bá rẹ̀ yín jù lọ ló ń pa ètò yín, ogún ìṣẹ́jú sì lè la irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ kọjá. Tó bá ti mọ́ra, ẹ máa fi kún un. Kí fóònù wà ní yàrá mìíràn o, mo bẹ̀ yín.

Ẹ ó fo ọjọ́ kan. Kò sí ẹni tí kì í fò. Ìwádìí Lally fi hàn pé ẹ̀ẹ̀kan kì í ba iṣẹ́ jẹ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni "mo tún ti kùnà" tí ẹ ń sọ fún ara yín, tàbí wákàtí mẹ́rin tí ẹ fẹ́ fi san gbèsè lọ́jọ́ kejì. Ẹ má san gbèsè kankan. Ẹ fọ abọ́, kí ẹ ṣí ìwé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ kọ̀wé sí mi padà, kí ẹ sọ alẹ́ tí ẹ fò àti ohun tó fà á.