Ṣé Ó Ń Yí Wa Po, àbí Ó Kàn Ń Kọjá Lọ?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Iyàn kan wà láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní bí òṣùpá ṣe ń yí ayé po ni ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní Large Magellanic Cloud ṣe ń yí Milky Way, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ńlá tí ayé wa wà nínú rẹ̀, po. Èmi ní ó kàn ń kọjá lọ ni. Ta ló jàre? Òǹkàwé láti Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ sọ yẹn ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ girama fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó yá, mo fojú ara mi rí ìṣùpọ̀ náà ní Sutherland, ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tí òru ti dúdú bí kóró iṣin. Ó dà bí èéfín tí atẹ́gùn ò rí gbé lọ. Mo wò ó títí ọrùn fi ń dùn mí, kò mira.

Bẹ́ẹ̀, ìrìn rẹ̀ gan-an ni iyàn yín dá lé. Ká ní o ya fọ́tò ọlọ́kadà kan nídìí ráńdábáòtù. Fọ́tò yẹn ò lè sọ bóyá ó fẹ́ yí i po ni, àbí ó fẹ́ yà sọ́nà Ìkìrun. Àfi kó o mọ bó ṣe ń sáré tó.

Ohun tí onímọ̀ ìràwọ̀ Nitya Kallivayalil àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá lọ nìyẹn. Wọ́n fi Hubble, awò ńlá tó wà lójú òfuurufú, ya àwọn ìràwọ̀ inú rẹ̀; lẹ́yìn bí ọdún 2, wọ́n tún un yà, wọ́n wá fi wé àwọn quasar ẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹn àwọn ohun tó ń tàn yòò lójú ọ̀run, tó jìnnà débi pé ojú kan náà la máa ń bá wọn. Ní 2006, wọ́n ní ó ń sá tó kìlómítà 378 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo! Eré yẹn ju èyí tí a ti ń rò lọ dáadáa. Ní 2007, onímọ̀ ìràwọ̀ Gurtina Besla àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ rèé tó máa dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí wọ́n tún un wọ̀n ní 2013, ó wálẹ̀ sí bíi 321.

Ìwọ̀n Milky Way ló wá kù. Bó bá wúwo, òòfà rẹ̀ á dì í mú. Bó bá fúyẹ́, àlejò á bá tirẹ̀ lọ. Inú rẹ̀ la sì wà, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó mú un wúwo ò ṣeé fojú rí, ìdí nìyẹn tó fi ṣòro láti wọ̀n. Àlejò náà kì í ṣe ọmọdé o. Òṣùpá ò tó ìdá kan nínú 80 ayé, àmọ́ òun lè tó ìdá kan nínú 10 tiwa, àní nínú 5. Bí a ṣe ń fà á, ló ń fà wá.

Ní tèmi, òòfà wa ti mú un, ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ ti jàre. Ṣùgbọ́n pé ó ti yí wa po lọ́pọ̀ ìgbà, mi ò gbà á mọ́. Onímọ̀ ìràwọ̀ Eugene Vasiliev ṣírò rẹ̀ pé ó lè jẹ́ ìgbà kejì rèé. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ti àkọ́kọ́ ti lé ní bílíọ̀nù 5 ọdún, ayé tí a wà yìí ò tíì sí.

Bí ọyẹ́ bá gbà ní oṣù January, kí ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ wá ibi tí kò síná, kẹ́ ẹ kọjú sí gúúsù ní nǹkan bí aago 10 alẹ́. Bẹ́ ẹ bá na apá síwájú, ìṣùpọ̀ náà á fi díẹ̀ ga ju ìkúùkù kan lọ láti ibi tí ilẹ̀ àti ojú ọ̀run ti pàdé.