Ṣé gbígbé oúnjẹ nìkan ni iṣẹ́ inú bàálù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin jáde ní Pólì Ìbàdàn, ó sì ti sin ìjọba tán. Ó ní iṣẹ́ air hostess lòun fẹ́ ṣe. Bàbá rẹ̀ fárígá, wọ́n ní àwọn ò rán ọmọ níléèwé kó lọ máa gbé oúnjẹ fún ẹni ẹlẹ́ni lójú òfurufú. Àjẹ́ńtì kan ní Dùgbẹ̀ wá sọ pé tí a bá lè wá owó, òun á fi ọmọ náà sínú ọkọ̀ ojú omi ńlá tí àwọn òyìnbó fi ń ṣe fàájì, pé ìyẹn tiẹ̀ tètè yá ju ti bàálù lọ. Ṣé iṣẹ́ gidi ni? Kí ló yẹ kó máa fi múra sílẹ̀? (Ìyá kan láti Àpáta, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè, mà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ owó àjẹ́ńtì, torí òun ló lè tètè ṣe yín ní jàǹbá. Ẹ má san kọ́bọ̀. Òfin àgbáyé kan wà tó ń dáàbò bo àwọn òṣìṣẹ́ orí omi, Maritime Labour Convention ti ọdún 2006, Nàìjíríà sì ti fọwọ́ sí i láti 2013. Òfin yìí kà á léèwọ̀ kí ẹni tó ń báni wá iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi gba owó ìwáṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń wá a. Nínú ìnáwó ìgbanisíṣẹ́, ohun tó fi sọ́rùn òṣìṣẹ́ ò ju ìwé àyẹ̀wò ìlera, ìwé ìdánimọ̀ òṣìṣẹ́ orí omi àti páásípọ́ọ̀tù lọ. Ẹ ní kí ọkùnrin náà fi ìwé àṣẹ NIMASA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi ní Nàìjíríà, hàn yín, kó sì dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀. Kí ọmọ yín wá fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà, kó bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n. Bó bá ń sọ pé àyè méjì péré ló kù, pé ẹ tètè ṣe é, ẹ dìde ńlẹ̀ níbẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ Bàbá. Mi ò bá wọn jà, ohun tí gbogbo èrò ń rí ni wọ́n sọ. Àmọ́ bàálù lè gbéra láìsí oúnjẹ kankan nínú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò mú wọn sí i. Bí àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ ò bá pé iye tí òfin sọ, kò gbọdọ̀ gbéra. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òṣìṣẹ́ kan fún àádọ́ta ìjókòó ni. Obìnrin tó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí, Ellen Church, ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1930, nọ́ọ̀sì ni.

Ọjọ́ tí nǹkan bá dà rú gan-an ni wọ́n torí ẹ̀ gba ọmọ náà síṣẹ́. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí i pé kí irú bàálù ńlá kan máa kó èrò, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní láti fi hàn pé gbogbo ẹni tó kún inú rẹ̀ lè jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá 90, nínú òkùnkùn, kó sì jẹ́ pé ìdajì ilẹ̀kùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n lò. Èrò ò lè dá ìyẹn ṣe. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kìíní 2024, bàálù Japan Airlines kan forí sọ bàálù kékeré kan bó ṣe ń balẹ̀ ní Haneda, ní Tokyo, ó sì gbiná. Èèyàn 379 ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bá èrò sọ̀rọ̀ kọṣẹ́, ni àwọn òṣìṣẹ́ bá ń fi ohùn ẹnu àti gbohùngbohùn ọwọ́ darí wọn. Nínú ilẹ̀kùn mẹ́jọ, mẹ́ta péré ló ṣeé lò. Gbogbo wọn ló jáde láàyè. Mímọ ilẹ̀kùn tí èèyàn ò gbọdọ̀ ṣí náà wà lára iṣẹ́ yẹn: wọ́n á kọ́kọ́ yọjú wo ìta lójú fèrèsé, bí iná bá wà níbẹ̀, wọ́n á dá èrò padà sí ibòmíì.

Ibí yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ ilé wa ti máa ń dí àwọn ọmọ lọ́wọ́. Ọmọ tí ẹ kọ́ pé kó kúnlẹ̀ kí àgbà, òun la máa wá ní kó jágbe mọ́ bàbá olórí ewú pé, "Fi báàgì sílẹ̀! Jáde! Fò!" Kò sí "ẹ jọ̀ọ́ sà" níbẹ̀. Mo ti rí ọmọ tó mọ̀wé dáadáa tí ohùn rẹ̀ ń wọlẹ̀ tó bá kan ìdánrawò yìí. Kí tiyín ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn dánra wò láti ìsinsìnyí, kódà bí àwọn ará ilé bá ń rò pé ìjà ló ń jà.

Nǹkan tí èrò kì í ka sí náà nídìí. Lọ́dún 1996, bàálù Ethiopian Airlines kan tí àwọn ajínigbé já gbà já sómi nítòsí erékùṣù Comoros. Ọ̀pọ̀ èrò ti fẹ́ atẹ́gùn sínú jákẹ́ẹ̀tì tí ń mú èèyàn léfòó kí wọ́n tó jáde, nígbà tí omi sì wọlé, òun ló gbé wọn lọ sí àjà, wọn ò rí ọ̀nà jáde mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tẹnu mọ́ ọn pé ẹ má fẹ́ ẹ títí ẹ ó fi jáde. Power bank náà, ọwọ́ èrò ló gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe inú ẹrù ìsàlẹ̀, torí bó bá gbiná lókè, òṣìṣẹ́ lè pa á.

Ní ti ìmúrasílẹ̀, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, kó lọ sí ilé ìtura tó ní ibi ìlúwẹ̀ẹ́ àti olùkọ́. Mi ò ní odò Ẹlẹ́yẹlé o! Kó wọn gíga rẹ̀ pẹ̀lú. Emirates, bí àpẹẹrẹ, ní kí ẹni tó ń bọ̀ ti pé ọdún 21, kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 160, kí ọwọ́ rẹ̀ sì lè kan ibi tó ga tó 212 bó bá fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró, torí inú àpótí òkè orí èrò ni ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ pàjáwìrì wà. Kó fi chalk sàmì sára ògiri, ẹ ó mọ ibi tó dé lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta sátífíkéètì ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ó lè kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ sísọ àti ìmúra, kò burú, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó bá gbà á ló máa tún kọ́ ọ lórí irú bàálù tí wọ́n ń lò, NCAA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ bàálù, ló sì ń bójú tó ìwé àṣẹ rẹ̀ ní Nàìjíríà.

Iṣẹ́ náà ní wàhálà tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú bàálù gbẹ, ara a sì máa ṣe bí ẹni pé èèyàn wà lórí òkè tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6,000 sí 8,000. Ẹsẹ̀ á wú, oorun á dà rú, ọdún Iléyá àti Kérésì lè bá a lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́, apá kan owó oṣù ni wákàtí tí èèyàn bá fò, nítorí náà oṣù tí kò fò púpọ̀, owó á rẹlẹ̀.

Bó bá jẹ́ ọkọ̀ ojú omi lọkàn rẹ̀ fẹ́, oṣù gbọọrọ ló máa lò láìwálé, òun àti ẹlòmíì á sì máa pín yàrá kékeré. Òfin ní kó sinmi ó kéré tán wákàtí mẹ́wàá nínú mẹ́rìnlélógún. Kò sí yíyẹ ẹ̀kọ́ ààbò sílẹ̀: iná pípa, ìtọ́jú àkọ́kọ́, bí èèyàn ṣe ń yè bọ́ nínú omi. Ẹni tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà níṣẹ́ lọ́wọ́ tí ọkọ̀ bá ń rì. Lójú tèmi, bàálù ni kó kọ́kọ́ gbìyànjú, ẹ ó máa rí i.

Kó tètè gba páásípọ́ọ̀tù, kí orúkọ inú rẹ̀ sì bá ti inú WAEC àti ìwé Pólì mu, kódà dé orí lẹ́tà kan.