Kí nìdí tí wọ́n fi ń po oru omi mọ́ gáàsì ethane nínú iná ìléru tí wọ́n ti ń fi ooru sọ ọ́ di ethylene, ìyẹn gáàsì tí wọ́n fi ń ṣe ike?

Wọ́n ń pò ó mọ́ ọn kí ethylene tí wọ́n ń rí lè pọ̀ sí i, kí èédú má sì tètè dí páìpù. Ooru ní ẹnu ibi tí gáàsì ti ń jáde sábà máa ń wà láàárín 800 sí 850 lórí òṣùwọ̀n Celsius, gáàsì kì í sì í lò tó ìṣẹ́jú àáyá kan nínú páìpù náà. Bí ethane bá fún pọ̀ jù nínú irú ooru bẹ́ẹ̀, ethylene tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yóò tún máa so mọ́ra, yóò sì di ọ̀dà àti èédú. Oru omi ló ń là wọ́n láàárín.

Fún ethane, nǹkan bí kílò 0.3 oru omi sí kílò kan ló wọ́pọ̀. Naphtha, ìyẹn epo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan látinú epo rọ̀bì tí wọ́n tún máa ń lò dípò ethane, ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí èédú rẹ̀ pọ̀. Àmọ́ àpọ̀jù oru omi náà ní ìnáwó tirẹ̀, nítorí ó ń gba àyè nínú páìpù, ó sì ń jẹ iná.

Èédú kò ní ṣàì dì ṣá o: bó pẹ́ bó yá, wọ́n á dá gáàsì dúró, wọ́n á sì fi oru omi àti afẹ́fẹ́ jó èédú náà dànù.