Mo fẹ́ tún orin fíìmù tí bàbá mi gbà sílẹ̀ gbé jáde

ÌBÉÈRÈ: Ní 1988, bàbá mi tó jẹ́ olùkọ́ orin ní Ìsánlú kó akọrin àti onílù jọ, wọ́n tún orin inú fíìmù Yorùbá àtijọ́ kan kọ. Wọ́n gbà á sórí téèpù ríìlì, wọ́n sì tà á ní kásẹ́ẹ̀tì lọ́dún náà. Bàbá ti di olóògbé, téèpù náà wà lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ kí ohùn rẹ̀ mọ́ gaara kí n tó tún un gbé jáde. Ṣé ọwọ́ ẹni tó ni fíìmù ni màá ti gba àṣẹ?

ÌDÁHÙN: Okun o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú ìtọ́jú ẹrù bàbá.

Ohun méjì ló wà nínú téèpù yẹn: orin tí ẹnìkan kọ, àti ohùn tí bàbá yín gbà sílẹ̀. Ẹni tó ni fíìmù kò ní ohùn yẹn, torí bàbá yín kò da nǹkan kan kọ látinú fíìmù rẹ̀. Orin gan-an ni ẹ máa gba àṣẹ lé, lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ tàbí ẹbí rẹ̀, àfi bó bá ti tà á fún oní-fíìmù. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti 2022 dáàbò bo orin fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká fi Hubert Ogunde tó ṣe fíìmù Yorùbá ṣe àpẹẹrẹ: ó kú ní 1990. Orin tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ṣì ní ẹni tó ni ín títí 2060 fi máa parí. Ohùn tí a gbà sílẹ̀, 50 ọdún ni, nítorí náà ti bàbá yín di ìparí 2038. Ẹ wádìí ẹni tó náwó sí i nígbà náà. Bó bá jẹ́ ìjọ ni, wọ́n lè ní i. Kí gbogbo àṣẹ wà nínú ìwé.

Ní ti téèpù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé e sórí ẹ̀rọ kankan. Àtè ara àwọn ríìlì ìgbà yẹn kan máa ń fa ọ̀rinrin. Wọ́n gbé irú ẹ̀ wá bá mi láti Ẹ̀gbẹ̀ rí: ó ń han bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, kí ìṣẹ́jú méjì tó pé, ẹrẹ̀ pupa ti bo orí ẹ̀rọ, ìyẹn ibi tó ń ka téèpù. Ohùn ló ń bọ́ dànù yẹn! Ìwọ̀n ooru bíi 54 Celsius la fi ń yan án fún wákàtí mélòó kan, nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ èso. Ẹ má sá a sóòrùn o.

Tó bá ti gbẹ, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni mo máa ń tẹ́tí sí. Bí orí ẹ̀rọ kò bá dọ́gba pẹ̀lú téèpù, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á máa dún bí ẹni pé ó wà lẹ́yìn aṣọ. Màá yí i díẹ̀díẹ̀ títí á fi yọ síta. Ariwo ṣìì abẹ́ orin ńkọ́? Màá dín in kù, n kò ní pa á rẹ́ tán, torí èémí àwọn akọrin á bá a lọ.

Ẹ kọ ọ́ gbangba sára páálí pé àtúngbà 1988 ni, kì í ṣe ohùn inú fíìmù. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Láti 1972 ni Charles Gerhardt, olùdarí ẹgbẹ́ olórin ará Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún orin fíìmù Hollywood gbà sílẹ̀ fún RCA, ilé-iṣẹ́ àwo orin, ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì tún wọn gbé jáde lórí sídì lẹ́yìn náà.

Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ gbé téèpù náà nàró, kó jìnnà sí sípíkà ọkọ̀. Ẹ kọ orúkọ àwọn onílù tí ẹ bá rántí wá pẹ̀lú. Orúkọ bàbá nìkan kò tó sára páálí.